Fọ́tò 312 ni mo yà ní Bath, kò sí ẹ̀mí nínú ọ̀kankan

Ọmọ_Onífọ́tò · Ọjọ́ Àìkú, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Bàbá mi ló ni sítúdíò fọ́tò kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, láyé tí wọ́n ṣì ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì mí láti bèèrè ohun tí mo fẹ́ bèèrè yìí. Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Láti ibí dé ìlú Bath, ọkọ̀ ojú irin kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Láti oṣù Ọ̀wàrà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ síbẹ̀, fọ́tò 312 ni mo sì kó bọ̀.

Kò sí ibi tí àlejò ń yà tí mi ò yà. Royal Crescent, ilé 30 tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn, tó tẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Pulteney Bridge, afárá tí ṣọ́ọ̀bù tò sí lọ́tùn-ún lósì, débi pé bí o bá ń rìn lórí rẹ̀ o lè má mọ̀ pé odò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Bath Abbey. Adágún ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù. Mo fi wọ́n han ìyàwó mi lánàá. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ó mà dáa o. Ṣé ìwọ lo yà á, àbí o ra káàdì alááwòrán ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo gbé mẹ́fà tó dáa jù síbí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní bínú.

Ayinla_Lẹ́ǹsì · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ìyàwó ẹ ò purọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn. Àwọ̀ òkúta yẹn ti sọnù mọ́ ẹ lọ́wọ́. Òkúta Bath kì í ṣe funfun, kì í ṣe àwọ̀ eérú, oyin ni. Ìran òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe símẹ́ǹtì ni, àmọ́ tiwọn ṣeé fi ayùn gé nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilẹ̀. Orí òkè Combe Down ni Ralph Allen ti wà á jáde ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, òun ni wọ́n sì fi kọ́ ìlú náà láti òkè délẹ̀. Ó dá mi lójú pé orí auto white balance, ètò tó ń fúnra rẹ̀ tún àwọ̀ fọ́tò ṣe, ni kámẹ́rà ẹ wà. Ó rí ìlú kan tí gbogbo ara rẹ̀ pọ́n bí oyin, ó rò pé iná gílóòbù ló fà á, ó wá bá ẹ fọ̀ ọ́ nù. Yí i sí daylight, kí o fi í síbẹ̀. Tí òjò bá dé, má sá wọlé. Àwọ̀ òkúta yẹn máa ń ki sí i tí omi bá rin ín, títì á sì di dígí.

Èkejì: The Circus (àwọn ilé tí wọ́n kọ́ yípo bí òrùka) tó o yà lóṣù Ọ̀wàrà, igi ni mo rí. Igi ńláńlá ló wà láàárín ibẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí a wà yìí, ewé ti wọ́ tán, padà lọ. Àwọn òpó tó wà lára ilé náà, àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, orí òpó àjà kan ò jọ ti èkejì. John Wood àgbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1754, ó kú lọ́dún yẹn gan-an, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló parí rẹ̀. Ọmọ yìí náà ló wá kọ́ Royal Crescent láàárín 1767 sí 1774.

Àǹtí_Iṣẹ́Alẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 7:55 àárọ̀

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti gbé òkúta dé.

Mi ò mọ kámẹ́rà, fóònù ni mo ní. Ṣùgbọ́n ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lálẹ́ nílùú yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ṣọ iṣẹ́ ni mo ń kọ èyí. Àbúrò mi, aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago mẹ́ta lo máa ń débẹ̀, mo rí i lára òjìji tó wà nínú fọ́tò ẹ. Aago àlejò nìyẹn. Ní aago yẹn, àwọn tó ń gbé ìlú náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí wọ́n ti sá fún èrò.

Wá ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Àwọn tó ń yí àgbá bíà sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò ilẹ̀ níwájú ilé ọtí, ìró rẹ̀ ló máa ń jí mi tí mo bá ń tòògbé nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn agbálẹ̀. Àwọn ẹyẹ òkun tó ti ya àpò ìdọ̀tí tí wọ́n ń jà sí ọ̀dùnkún dídín alẹ́ àná (àwọn ẹyẹ yẹn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, wọ́n ti já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ mi rí). Lẹ́yìn náà, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Twerton tàbí Oldfield Park. Moorland Road, níbi tí alápatà wà, tí oníbúrẹ́dì wà, tí àwọn ìyá àgbà ń fa kẹ̀kẹ́ ọjà. Kò sí òpó Róòmù níbẹ̀. Àwọn tó ń fọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì tí àlejò ń sùn sí, ibẹ̀ ni ilé wọn wà.

Ẹ kú àfojúbà. Oorun ń pè mí.

Ọmọ_Onífọ́tò · Ọjọ́ Ajé, 12:30 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ ṣé púpọ̀. Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti ya ènìyàn níbí. N'Ìbàdàn, èmi á kí ènìyàn, a ó ṣẹ̀fẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á ní "yà mí dáadáa o". Níbí, mo máa ń dúró títí ènìyàn yóò fi kọjá kúrò nínú fọ́tò mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i báyìí pé bí mo ṣe lé gbogbo wọn jáde nìyẹn.

BàbáÌbejì · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní kó o má ya ẹni tó wà ní títì. Ibi tó bá ní olówó ni olówó ibẹ̀ ti lè gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀: inú ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù, inú ilé ìtajà, inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọdé, bèèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀. Kò nira.

Àǹtí_Iṣẹ́Alẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un: ẹni tó bá sùn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ má yà á.

Ayinla_Lẹ́ǹsì · Ọjọ́ Ajé, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, ẹ gbà mí láàyè kí n jiyàn díẹ̀. Tí a bá yọ ẹni tó ń sùn síta kúrò, ṣé kì í ṣe káàdì ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa la tún padà sí? Ilé olówó tó rẹwà báyẹn, tálákà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìlú náà nìyẹn.

Àǹtí_Iṣẹ́Alẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 5:31 ìrọ̀lẹ́

Ṣé o ti kí i? Ṣé o mọ orúkọ rẹ̀? Mo ti tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Ẹni tó bá ń sùn kò lè sọ fún ẹ pé òun ò fẹ́. Ìgbà tó bá jí, jókòó tì í, ra tíì fún un, bi í léèrè. Tó bá ní kó o ya òun, yà á, mi ò ní bá ẹ jà.

Ayinla_Lẹ́ǹsì · Ọjọ́ Ajé, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ yín ju tèmi lọ.

Ọmọ_Ìkógòsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:03 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, ó yà mí lẹ́nu. Èrò, òkúta, bíà. Ta ló dárúkọ omi? Èmi ọmọ Èkìtì tí omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé níwájú ilé wa, ojú mi kì í kúrò lára omi. Omi ló bí Bath, orúkọ rẹ̀ gan-an, ìwẹ̀ ni.

Òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè Mendip ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ló rin ilẹ̀ lọ, ó wọ ìsàlẹ̀ jìnnà dé ibi tí ilẹ̀ ti ń gbóná, ó wá rí ibi tí àpáta ti sán, ó gbabẹ̀ tú jáde. Ìwọ̀n 46 lórí Celsius ló fi ń jáde, lítà 1,170,000 lójoojúmọ́. Ẹ ronú ọkọ̀ agbépo tó ń gba 33,000 lítà, márùndínlógójì irú rẹ̀ lójúmọ́ kan, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fà á. Nítorí náà, ọ̀rẹ́, kí lo lọ ṣe níbẹ̀ lọ́sàn-án tí oòrùn ràn? Ọjọ́ tí yìnyín bá bo koríko ni kó o lọ, bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Èéfín á máa rú lójú omi bí ẹni tó ṣí ìkòkò àmàlà. Ìgbà yẹn ni fọ́tò wà.

Ohun méjì tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ère olú-ọba Róòmù tó dúró sókè adágún náà kì í ṣe iṣẹ́ ará Róòmù, apá ìparí àwọn ọdún 1890 ni wọ́n gbé wọn síbẹ̀. Omi tó sì dà bí ewéko yẹn, àwọn ará Róòmù ò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Òrùlé ńlá ló bo adágún náà nígbà ayé wọn, òkùnkùn ò jẹ́ kí ewé omi hù. Oòrùn tó ń wọlé báyìí ló sọ ọ́ di ewé.

Ọmọ_Onífọ́tò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:25 alẹ́

Ìkòkò àmàlà! Ẹ ti bà mí jẹ́, mi ò ní lè rí adágún yẹn mọ́ kí ebi má pa mí.

Ọmọ_Ìkógòsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:51 alẹ́

Má kánjú jáde lọ jẹun. Sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n kó òjé pẹlẹbẹ sí. Èpè ni. Mi ò fi ṣeré. Nǹkan bí 130 ni wọ́n rí nínú ìsun náà. Òrìṣà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sulis ló ni omi yẹn kí àwọn ará Róòmù tó dé, wọ́n dé, wọ́n fi Minerva tiwọn kún un, ó di Sulis Minerva. Ẹni tí wọ́n bá jí nǹkan rẹ̀ á kọ ọ́ sórí òjé, á ká a, á sọ ọ́ sómi. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Docimedis, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n jí. Ó ní kí orí olè náà dàrú, kí ojú rẹ̀ sì fọ́ nínú ilé òrìṣà náà. Torí ìbọ̀wọ́! Àwọn mìíràn á tún ka gbogbo ọ̀nà tí olè lè gbà sá: ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ẹrú, ìbáà jẹ́ ọmọ onílé. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èpè lé olè nílé wa mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn náà, ṣebí ìgbésí ayé ojoojúmọ́ ni? Wọ́n ń jí aṣọ àwọn tó ń wẹ̀ ní Bath láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn.

Ibẹ̀ ṣókùnkùn, dígí sì wà níwájú rẹ̀. Má tan fláàṣì. Fi ẹnu lẹ́ǹsì kan dígí pẹ́kípẹ́kí kí òjìji ara ẹ má bàa wọ inú rẹ̀.

Ayinla_Lẹ́ǹsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Níbo ni wọ́n ti ń ta òjé? Ẹni tó jí lẹ́ǹsì 50mm mi nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán.

Tóríọlá_2 · Ọjọ́rú, 10:10 àárọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ènìyàn lè wẹ̀ nínú adágún àwọn ará Róòmù yẹn? Àwọn ọmọ mi ń bèèrè.

Àǹtí_Iṣẹ́Alẹ́ · Ọjọ́rú, 10:35 àárọ̀

Rárá o, kí wọ́n má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ pàápàá. Ní 1978, ọmọbìnrin kan kú nítorí kòkòrò àìfojúrí kan tó wọ̀ ọ́ lára nínú omi náà, láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wá kọ́ ilé ìwẹ̀ tuntun kan tó ń jẹ́ Thermae, ó ṣílẹ̀kùn ní 2006, omi ìsun náà ni wọ́n ń lò, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ kí ó tó dé ara ènìyàn. Adágún kan wà lórí òrùlé rẹ̀. (Ọmọ_Onífọ́tò, fi kámẹ́rà ẹ sílé tó o bá ń lọ síbẹ̀. Wíwọ aṣọ ìwẹ̀ kì í ṣe ìkésíni.) Tí wọ́n bá fẹ́ tọ́ omi náà wò, Pump Room tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún àwọn ará Róòmù ni. Mo mu ún lẹ́ẹ̀kan. Omi tí wọ́n fi se ẹyin, tó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Akọ̀wé_Ìtàn · Ọjọ́bọ̀, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ibi mẹ́ta kan kún un, àwọn àlejò kì í sábà yà wọ́n.

Fairfield House. Haile Selassie, olú-ọba Etiópíà, ibẹ̀ ló gbé láti 1936 sí 1940 lẹ́yìn tí Ítálì gba ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1958, ó fi ilé náà ta ìlú Bath lọ́rẹ fún ìlò àwọn àgbàlagbà. Kò ga, kò ní òpó tó ń dán. Ẹ lọ wò ó.

Beckford's Tower lórí òkè Lansdown. Ó rẹwà, orí rẹ̀ ń tàn bí góòlù, 1827 ni wọ́n parí rẹ̀. Oko ìrèké ní Jàmáíkà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹrú, lowó William Beckford tó ní kí wọ́n kọ́ ọ ti wá. Mi ò ní kí ẹ má yà á. Mo ní tí ẹ bá yà á, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, James Street West. Ògiri ilé kan wà níbẹ̀ tí àmì bọ́ǹbù ṣì wà lára rẹ̀ bí ojú tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà. Oṣù Igbe 1942 ni ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sílùú náà, òkú lé ní 400. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni kí ẹ lò, ihò kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀.

BàbáÌbejì · Ọjọ́bọ̀, 7:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má gbàgbé pé ilé fọ́tò ni gbogbo agbègbè yẹn. Abúlé Lacock kò jìnnà sí Bath. Oṣù Ògún 1835 ni Fox Talbot, ọ̀kan lára àwọn tó dá fọ́tò yíyà sílẹ̀, fi kámẹ́rà kékeré kan ya fèrèsé ilé rẹ̀ níbẹ̀, nẹ́gátíìfù àkọ́kọ́ tó ṣẹ́kù láyé sì ni. Bàbá tó ní sítúdíò ní Mọ́kọ́lá, ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin yẹn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n.

Àti Crescent: ṣe o ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí? Iwájú nìkan ni John Wood ọmọ fà lélẹ̀. Ẹni tó bá ra ìwọ̀n tirẹ̀ á wá pe ọ̀gá bíríkìlà tirẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn bó ṣe wù ú. Iwájú, agbádá kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ẹ̀yìn, kálukú ló wọ aṣọ ilé.

Ọmọ_Onífọ́tò · Ọjọ́ Àìkú, 8:30 alẹ́

Mo ti dé o. Àná ni mo lọ, ọkọ̀ àárọ̀ kùtù ni mo wọ̀. Fọ́tò 41 péré.

Mo kọ́kọ́ jìyà. Otútù ti mú kámẹ́rà mi lójú pópó, bí mo ṣe wọ ibi tí omi gbígbóná ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, ìrì bo lẹ́ǹsì lójú. Mẹ́tàdínlógún ló bàjẹ́ kí n tó mọ̀. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ fi kámẹ́rà sínú àpò, ẹ dì í pa, ẹ jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkòkò àmàlà rú! Òṣìṣẹ́ kan ń gbá omi kúrò lórí òkúta etí adágún náà, èéfín bò ó dé àyà, ìgbálẹ̀ nìkan ni mo rí ketekete. Mo kí i, mo fi kámẹ́rà hàn án, ó mi orí pé kò burú. Ìyẹn ni fọ́tò àkọ́kọ́.

Mo lọ sí ẹ̀yìn Crescent. Páìpù omi, fèrèsé kékeré tó wọ́, fèrèsé ńlá, aṣọ tí ẹnì kan sá. Mo tún rí ilẹ̀kùn yẹ́lò nọ́ńbà 22 níwájú, tí ìjọba ìlú náà ti fẹ́ fi agbára mú obìnrin tó ni ilé náà kí ó kùn ún ní funfun ní àwọn ọdún 1970, tí obìnrin náà sì jàre wọn. Láàárọ̀ yẹn, ẹni tó ń pín lẹ́tà dúró síwájú rẹ̀, ó ń wá lẹ́tà nínú àpò.

Òjò dé ní aago mẹ́wàá. Mo sá wọ Guildhall Market (Ayinla, má bínú). Tábìlì òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nail, orí rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń sanwó fún ara wọn láyé àtijọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú fi ife tíì rẹ̀ lé e, ó ń ka owó. Ọkàn mi ń lù. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà," lédè Gẹ̀ẹ́sì o, bí bàbá mi ṣe máa ń kí oníbàárà. Mo ní bàbá mi ń ya fọ́tò, pé mo fẹ́ ya ọwọ́ ìyá náà. Ó ní kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́, pé òun ní ojú. Mo ya ojú, mo ya ọwọ́. Ó ní kí n mú ọ̀kan wá fún òun, torí àwọn tó ń ya òun kì í padà wá.

Níkẹyìn, ní ibùdókọ̀ Twerton, ẹnì kan ń pariwo Yorùbá sínú fóònù lẹ́yìn mi: "Mo ní kó o má fún un lówó yẹn! Ṣé mo sọ, àbí mi ò sọ?" Mo yíjú padà, mo rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí i." Bọ́ọ̀sì mẹ́ta kọjá lójú wa. Ó ní kí n má gbé ojú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ ò ní rí i.

Mo fi wọ́n han ìyàwó mi. Ó dákẹ́. Ó dúró lórí ti inú ọjà, ó ní, "Ta nìyí?"

Ayinla_Lẹ́ǹsì · Ọjọ́ Àìkú, 8:44 alẹ́

Oyin ti padà sára òkúta. Èyí tí ìgbálẹ̀ wà, mi ò ní nǹkan kan láti sọ sí i.

Àǹtí_Iṣẹ́Alẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 8:58 alẹ́

Mò ń múra iṣẹ́, mi ò lè pẹ́. Fọ́tò ìyá oníbọ́tìnnì, ṣé o ti tẹ̀ ẹ́ fún un?

Ọmọ_Onífọ́tò · Ọjọ́ Àìkú, 9:01 alẹ́

Mo ti tẹ̀ ẹ́, Àǹtí. Ó wà nínú àpò ìwé lórí tábìlì wa. Sátidé ni mò ń mú un lọ.

Àǹtí_Iṣẹ́Alẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 9:03 alẹ́

Ra òwú lọ́wọ́ ẹ̀ o.